Ayé Agolo: Ọjà, Oògùn Ilé àti Fàájì ní Ajégúnlẹ̀ Nígbà Èwe Wa

(Ọ̀rọ̀ tí alukoro ẹgbẹ́ kà níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá)

Ẹ̀yin tí tírélà dá dúró lọ́nà Mile 2 kí ẹ tó dé ibí, ẹ kú ìrọ́jú.

Ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ní kí alukoro sọ̀rọ̀ ogún ìṣẹ́jú lórí bí a ṣe ń rajà, bí a ṣe ń tọ́jú ara, àti bí a ṣe ń ṣe fàájì nígbà tí a wà ní kékeré. Wọ́n ní kí ọ̀rọ̀ náà pa yín lẹ́rìn-ín. A ó gbìyànjú. Ṣùgbọ́n gbèsè kan wà nínú rẹ̀ tí a fẹ́ dárúkọ kí a tó jókòó, ẹ sì mọ̀ pé òṣìṣẹ́ báńkì kì í rí gbèsè kó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àwa tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, ojúgbà èbúté Tin Can ni wá. Oṣù kẹwàá ọdún 1977 ni ìjọba ṣí i, kò sì sí ẹni tí a bí jìnnà sí ìgbà yẹn nínú wa. Sìmẹ́ǹtì ló fa kíkọ́ rẹ̀. Ní 1975, ìjọba ti ra sìmẹ́ǹtì tó pọ̀ ju èyí tí èbúté Apapa lè gbà lọ, ọkọ̀ òkun tó lé ní 400 sì tò sójú omi Èkó, tí wọ́n ń dúró de àyè láti já ẹrù. Wọ́n wá sáré kọ́ èbúté tuntun sí erékùṣù tó wà lódìkejì omi sí wa. Erékùṣù Agolo! Orúkọ náà bá wa mu ju bí ẹni tó sọ ọ́ lọ́rúkọ ṣe lè mọ̀ lọ, torí agolo ni a fi ń gbé ayé ní Ajégúnlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú àgbàlá. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mẹ́ruwà ti dé pẹ̀lú garawa méjì tó fi ọ̀pá gbé kọ́ èjìká. Garawa ni òṣùwọ̀n omi. Ìrẹsì, agolo mílíìkì. Gàrí, kóńgò. Ẹ̀wà, dẹ́ríkà, ìyẹn agolo tòmátò tí wọ́n ti jẹ inú rẹ̀ tán, tí orúkọ ara agolo náà sì di orúkọ òṣùwọ̀n káàkiri Èkó. Ẹ̀pà sísun, agolo sìgá. Epo pupa àti kẹrosíìnì, ìgò bíà. Bí owó kò bá tó, ààbọ̀ ìgò. Ohun tó bá kéré ju agolo lọ, ẹyọ ẹyọ ni: ṣúgà oníhóró mẹ́ta, Maggi kan, sìgá kan fún bàbá, tòmátò alágolo ṣíbí kan tí wọ́n á dì sínú ọ̀rá. Búrẹ́dì gan-an, Ìyá Oníbúrẹ́dì á gé e sí méjì, á wá fi ọ̀bẹ ra bọ́tà sí i bí ẹni tó ń kun ògiri tí kò fẹ́ kí ọ̀dà tán.

Aṣọ ọdún ńkọ́? Òkìríkà ni, ní Boundary, bẹ̀rẹ̀ kí o ṣà á. Ẹni tó bá tètè dé ló ń rí èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ pé.

Rírán tí wọ́n ń rán wa lọ sọ́jà, ẹ̀kọ́ ni. Ìyá wa á ní, "Fi ọwọ́ kan ìdí agolo rẹ̀ kó tó wọ̀n ọ́n." Àwọn ọlọ́jà kan wà tí wọ́n fi òkúta lu ìdí agolo wọnú, òmíràn yọ́ àbẹ́là sí i, kí ìrẹsì má baà tó. Ọmọ ọdún méje ti mọ èyí. Ó mọ̀ pé agolo gbọ́dọ̀ ga lórí, ó sì mọ̀ pé lẹ́yìn tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n tán, ó ku èènì. Ọmọ tó bá dé ilé láì gba èènì, wọ́n á dá a padà. Ní báńkì, a ní ẹ̀ka tó ń yẹ ìwé wò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà níbẹ̀ ì bá má rí iṣẹ́ náà bí ìyá wa bá wá béèrè fún un.

Àwọn kan fẹ́ràn láti máa sọ pé nǹkan pọ̀ nígbà yẹn, pé owó pọ́ọ́kú la fi ń jẹun. Àwa alukoro kò gbà. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré. Ká ní ọgọ́rùn-ún agolo ló wà nínú àpò ìrẹsì kan, tí àpò náà sì jẹ́ ₦100. Ẹni tó ra àpò ra agolo kan ní ₦1. Ìyá ọlọ́jà á tà á ní ₦1.20, torí ó gbọ́dọ̀ san owó ọmọláńkẹ́ àti owó ìsọ̀, kí òun náà sì jẹun. Ìdílé tó ń ra agolo mẹ́ta lójúmọ́ ti fi 60 kọ́bọ̀ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Lọ́dún kan, ₦219 ni. Ẹ wò ó: ẹni tí kò lówó àpò kan ti san ohun tó ju owó àpò méjì lọ lófo. Àwọn tó ń gbé Apapa lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń wa mọ́tò lọ ra páálí mílíìkì ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá bíi Kingsway àti Leventis, wọ́n ra mílíìkì wọn ní ẹ̀dínwó jù wá lọ. Tálákà ló ń rajà wọ́n.

Kí ló dé tí ìyá wa kò ra àpò? Bàbá tó ń ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù ń gba owó ojúmọ́. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dé, owó dé. Ọjọ́ tí ọkọ̀ kò bá dé, ó ń bọ̀ wálé lọ́wọ́ òfìfo. Owó agolo ló ń wọlé, agolo náà la sì ń rà.

Ọjọ́ tí ó bá wá bọ̀ lọ́wọ́ òfìfo, ìwé àwìn ló kù. Ẹ̀yin ojúgbà wa, ẹ rántí ìwé yẹn: ìwé ọmọ iléèwé tí èèpo rẹ̀ ti ya, tí òróró ti rin ín, tí bírò wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi òwú so mọ́ páálí mílíìkì. Ìyá Oníṣọ́ọ̀bù kì í kọ orúkọ ẹlòmíràn síbẹ̀. Yàrá ló ń kọ. "Yàrá kẹrin, gàrí 2, epo ààbọ̀ ìgò." Èyí tí kò mọ̀wé lára wọn ń fi èédú fa ìlà sára ògiri ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó sì mọ ẹni tó ni ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìlàjẹ wà nínú ìwé yẹn, Ìgbò wà níbẹ̀, Urhobo, Ìjọ, Haúsá, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú. Onídùúró kankan kò sí. Ó mọ wọ́ọ̀fù tí bàbá ti ń ṣiṣẹ́, ó mọ ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, ó mọ ọkọ tó ń mutí, ó sì mọ ọjọ́ tí owó èsúsú máa kan ìyá wa. Gbogbo ohun tí báńkì ń kọ sínú fọ́ọ̀mù olójú-ewé rẹpẹtẹ kó tó yáni lówó, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ló ti ń rí i. Kò sì gba èlé kọ́bọ̀ kan.

Alájọ gan-an tó ń gun kẹ̀kẹ́ ká àdúgbò, ó ń gba tirẹ̀. Káàdì rẹ̀ ní ojú 31. Owó ọjọ́ kan lóṣù ni tirẹ̀. Ìyẹn lé díẹ̀ ní náírà mẹ́ta nínú ₦100, fún ẹni tó ń bá ọ tọ́jú owó rẹ. Owó iṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, a kò bá a jà. Ṣùgbọ́n Ìyá Oníṣọ́ọ̀bù tó gbé ọjà tirẹ̀ fún wa lọ, kò gba nǹkan kan.

Ẹ wá wo ohun tí àwọn ọdún yẹn fi ojú rẹ̀ rí. Ní oṣù kẹrin 1984, ìjọba ológun pààrọ̀ àwọ̀ owó. Ẹni tó fi náírà pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì sáré lọ sí báńkì. Ẹni tí owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ onígbèsè kò mọ ibi tí yóò sáré lọ. Mílíìkì, ṣúgà àti ìrẹsì di ohun tí à ń tò fún. "Ẹsẹ́ńkò" la ń pè é, ìlà rẹ̀ á sì gùn débi pé ọmọ tó wà nídìí rẹ̀ kò mọ ohun tí wọ́n ń tà níwájú. Ní 1985, náírà kan ṣì lágbára ju dọ́là kan lọ. Ní oṣù kẹsàn-án 1986, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ta dọ́là ní gbàǹjo, dọ́là kan di náírà mẹ́rin ó lé. Láti oṣù kìíní 1987, wọ́n tún ní kí wọ́n má kó àlìkámà wọlé mọ́, búrẹ́dì sì gbówó lórí títí wọ́n fi tú òfin náà ká ní 1992. Àwa tí a ń gbé nítòsí ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun Apapa mọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu.

Ẹni tó ta páálí mílíìkì láwìn ní ₦30, tí wọ́n sì san ₦30 náà fún un pérépéré lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bí páálí mílíìkì bá ti di ₦45, ó ti pàdánù ìdá mẹ́ta ọjà rẹ̀. Onígbèsè kò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan mọ́ nínú ìwé. Ìwé mọ́, ṣọ́ọ̀bù ṣófo. Bí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù inú àgbàlá wa ṣe kógbá wọlé nìyẹn, tí ìyá tó ní páálí títí dé àjà wá ń ta àkàrà níwájú ilé. Nígbà yẹn a rò pé ó wù ú láti máa dín àkàrà ni. Ẹ̀yin olùṣírò owó tí ẹ jókòó síbí, ẹ mọ orúkọ tí à ń pe ìyẹn: obìnrin yẹn ló san apá kan nínú owó oúnjẹ wa, kò sì sí ìwé tó kọ ọ́ sí.

Ó tó báyìí. Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí oògùn, kí ojú yín lè là.

Bí ibà bá dé, àgbo ló kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ: ewé dóńgóyárò, ewé máńgòrò, ewé ìbẹ́pẹ, ewé tíì, ọsàn wẹ́wẹ́, èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó, gbogbo rẹ̀ nínú agolo ńlá lórí ààrò. A ó mu, a ó fi wẹ̀, a ó tún fi kúbùsù bora lórí ooru rẹ̀ títí òógùn á fi bò wá. Bí ibà kò bá lọ, ó di kilorokúìnì, tó korò bí ọ̀rọ̀ ìyàwó bàbá, tó sì ń jẹ́ kí ara yún àwọn kan nínú wa bí ẹni pé èèrà wọ inú aṣọ wọn. Ìjọba ti sọ láti 2005 pé kò ran ibà mọ́, oògùn alápapọ̀ tuntun ni kí a lò. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ní i nílé, kó dà á nù. Ikọ́, orógbó àti oyin. Inú rírun, efinrin. Orí fífọ́ àwọn àgbà, Alábùkún, tí Jacob Odulate, ẹni tí wọ́n ń pè ní Blessed Jacob, bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní Abẹ́òkúta ní 1918. Aspirin àti kaféènì ló wà nínú rẹ̀, nítorí náà àgbà ló wà fún, ẹ má fún ọmọdé.

Nínú gbogbo rẹ̀, èyí tó gba ẹ̀mí jù ni èyí tí owó rẹ̀ kéré jù. Ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ètò ìlera, láti 1985 sí 1992, ìgbẹ́ gbuuru ń pa ọmọdé bí ewé. Rédíò kò sinmi lórí omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Òṣùwọ̀n rẹ̀ ni ohun tó wà nínú ilé gbogbo ènìyàn: omi tó mọ́, tí wọ́n ti sè, ìgò bíà kan tàbí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì, iyọ̀ ṣíbí tíì kan tí kò ga lórí, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́wàá tí kò ga lórí, tàbí oníhóró márùn-ún. Ẹ rí i pé àwọn dókítà náà ti mọ̀ pé ìgò àti ṣíbí ni à ń lò níbí! Ìyá tó ti ń wo orí agolo láti ọjọ́ tó ti dáyé, ẹ kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ ní ìwọ̀n. Àwọn kan nínú wa tó jókòó sínú gbọ̀ngàn yìí, omi yẹn ló dá wọn dúró. Lónìí, ORS inú báàgì kékeré ni kí ẹ ní nílé, pẹ̀lú oògùn zinc, kí ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, torí omi lítà kan ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà, ó ju ìgò bíà àtijọ́ lọ.

Èyí tí a kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀ ni ti gìrì. Nígbà tí ara ọmọ bá gbóná tó bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, àwọn àgbàlagbà a máa ro àgbo oní-ìtọ̀ màlúù pẹ̀lú ewé tábà sí i lẹ́nu. Ìfẹ́ ló ń mú wọn ṣe é, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n. Àwọn oníwádìí ní Yunifásítì Ìbàdàn yẹ̀ ẹ́ wò ní àwọn ọdún 1970, wọ́n sì rí i pé májèlé ni, ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Kò sí òpópónà tí a gbé dàgbà tí kò ní ilé tí wọ́n ti gbé ọmọ jáde lóru. A ṣì ń gbọ́ pé àwọn kan ń wá a kiri. Ọmọ tó bá ní gìrì, ẹ dà á dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ẹ má ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Àwa náà tí a ti wọ ọjọ́ orí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, ẹni tó bá ń mu àgbo mọ́ oògùn dókítà, kó sọ fún dókítà rẹ̀. Ẹ fìdí mọ́lẹ̀, a kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Fàájì wá kù. Agolo náà ni. Agolo sáàdìnì ni ara mọ́tò wa, ìsọ̀dí bàtà sílípáàsì ni táyà rẹ̀; agolo mílíìkì méjì àti òwú gígùn, tẹlifóònù nìyẹn, ẹni tó wà ní òpin kejì á sì máa pariwo débi pé òwú náà kò wúlò. Tẹlifísọ̀n kan ló wà nínú àgbàlá, ojú fèrèsé ni àwa ọmọdé jókòó sí. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin 1994, tí Amuneke gbá góòlù méjì wọlé Zambia ní Tunis, tí a fi 2-1 gba ife Áfíríkà, a kò ka iye ẹni tó wà nínú yàrá yẹn. Onílé wà níta.

Lọ́jọ́ ọdún, ẹ̀gbọ́n á kó wa lọ sí Iganmu, sí Tíátà Àpapọ̀, láti wo fíìmù Ògúndé, Adé Love àti Bàbá Sàlá. Ẹni tí kò lówó ibẹ̀ á lọ sílé fídíò àdúgbò, á fi kọ́bọ̀ wo Ọ̀run Móoru lórí bẹ́ǹṣì. A rẹ́rìn-ín títí. A kò mọ̀ nígbà yẹn pé kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n jí dà kọ ni, àti pé Bàbá Sàlá, tó ná owó ńlá sórí fíìmù yẹn ní 1982, jẹ gbèsè lórí rẹ̀. Ẹ tún rí i, fàájì pọ́ọ́kú wa náà, ẹnì kan ló ń san án.

Ti bọ́ọ̀lù ní pápá Maracana, ẹ̀yin tí ẹ gbá a ni kí ẹ sọ ọ́. Àbúrò wa Odion Ighalo gbá a láti Ajégúnlẹ̀ dé Manchester United. Ti gàlálà tí Daddy Showkey, Baba Fryo àti African China gbé jáde láti àárín wa, ẹ ó rí i láìpẹ́ bí onílù bá ti dé, bí orúnkún àwọn ìgbìmọ̀ alákòóso bá ṣì gbà.

Gbèsè tí a sọ ńkọ́? Ìwé kan wà lórí tábìlì akọ̀wé owó, ìwé ọmọ iléèwé gidi, a mọ̀ọ́mọ̀ rà á bẹ́ẹ̀. Kí olúkúlùkù ọmọ ẹgbẹ́ kọ orúkọ tí wọ́n ń pe ìyá tó ń ta àwìn fún ilé wọn, òpópónà rẹ̀, àti bóyá ó ṣì wà láàyè. Ìgbìmọ̀ alákòóso ti fẹnu kò: àwọn tó ṣì wà, a ó lọ kí wọn nílé lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, a ó sì gbé ìrẹsì lọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Àpò kan o, kì í ṣe agolo. Àwọn tó ti lọ, a ó wá ọmọ wọn kàn. Ẹni tí kò bá rántí orúkọ, kó kọ ohun tó ń tà; ẹlòmíràn á rántí. Bírò wà nínú ìwé náà, a ti fi òwú so ó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e lọ.